Ṣé kí a máa gbé inú ilé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde bí a ti ń tún un ṣe láti tà á?

Ọmọ Mọlípà béèrè:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà Iléyá tó kọjá tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti la irú rẹ̀ kọjá pọ̀ láàárín wa.

Ilé tí èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, bàbá wa ló kọ́ ọ ní ọdún 1974. Ilé ilẹ̀ ni, oníyàrá mẹ́rin, pẹ̀lú pálọ̀ ńlá kan, ilé ìdáná lẹ́yìn, kànga kan, àti ilé kékeré oníyàrá méjì tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ tí wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Bàbá fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2011, wọn kò sì kọ ìwé ìhágún. Àwa mẹ́rin ni wọ́n bí láti ọ̀dọ̀ ìyá méjì, ọmọ méjì-méjì: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Ìbàdàn, èmi ni mo tẹ̀ lé e, àwọn àbúrò wa méjì tó kù sì wà ní Èkó àti ní Kánádà. Gbogbo wa ti fẹnu kò pé kí a ta ilé náà, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ padà wá gbé inú rẹ̀, èmi náà sì ti ra ilẹ̀ kékeré kan lọ́nà Àgọ́-Ìwòyè tí mo fẹ́ fi ìpín tèmi kọ́ ilé sí.

Ẹni tó ń bá wa wá oníbàárà sọ pé bí ilé náà ṣe wà yìí, owó ilẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni yóò san, nítorí ẹni tó bá rà á yóò ti rò ó pé wíwó ni òun máa wó o. Ó ní bí a bá tún un ṣe, owó rẹ̀ yóò gbéra dáadáa. Àwọn tí a jọ jẹ́ ọmọ bàbá kò ní owó tí wọ́n lè dá lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Èmi ni mo lè yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa. N kò sì lè gba ilé mìíràn fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí n tún máa sanwó oníṣẹ́, nítorí náà inú ilé yìí kan náà ni a ó máa gbé títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ohun tí mo ní lọ́kàn ni kí n fi táìlì sí gbogbo ilẹ̀, kí n yọ àjà àtijọ́ tó ti ń já, kí n fi àjà funfun tí wọ́n ń pè ní POP sí pálọ̀, kí n pààrọ̀ fèrèsé onígi sí ti àlúmíníọ̀mù, kí n sì kùn ún lọ́dà tinú tòde. Níbo ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀? Báwo ni ènìyàn márùn-ún ṣe ń gbé inú ilé tí wọ́n ń fọ́? Kí ni kí n má náwó lé lórí rárá? Báwo sì ni n ó ṣe rí owó mi gbà padà nígbà tí a bá tà á tán? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Bíríkìlà Ṣágámù dáhùn:

Ẹ kú ìrònú, sà. Iṣẹ́ ilé ni mo fi ń jẹun ní Ṣágámù àti káàkiri Rẹ́mọ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, mo sì ti tún ilé tí onílé wà nínú rẹ̀ ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ má bínú tí mo bá kọ́kọ́ sọ pé ohun tí ẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ gan-an ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Nítorí ojú ni a ṣe ń fi táìlì, POP àti ọ̀dà sí ilé. Ẹni tó ní owó láti ra ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í sábà dá wá. Ó máa ń mú kafíńtà tàbí bíríkìlà tirẹ̀ dání, ẹni yẹn kì í sì í wo táìlì. Òkè ló máa ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ògiri.

Nítorí náà, òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ ní kí kafíńtà gun òkè àjà, kí ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún àwọn igi níbi tí wọ́n ti jókòó lé ògiri, nítorí ibẹ̀ ni ìkán sábà máa ń gbà wọlé. Bí ọ̀bẹ bá wọlé bí ìgbà tí ènìyàn gún iṣu sísè, igi yẹn ti lọ, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ṣì ń dán lóde. Bí àwọn igi bá ṣì le, páànù nìkan ni ẹ ó pààrọ̀. Nínú páànù àlúmíníọ̀mù tó wà lọ́jà, 0.55 mm nípọn ju 0.45 mm lọ, owó rẹ̀ sì ju tìyẹn lọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ tà ni pé kí ó ra èyí tó nípọn, kí ó sì pa rìsíìtì rẹ̀ mọ́ láti fi han oníbàárà. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni kí ẹ ṣí i. Bí oṣù kẹta bá ti wọlé ní ìlú wa, ẹnikẹ́ni kò lè ṣe onígbọ̀wọ́ òjò mọ́.

Ohun tó kàn ni ìsàlẹ̀ ògiri. Ọ̀pọ̀ ilé ìgbà náà ni wọn kò fi ohunkóhun dí àárín ìpìlẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù, nítorí náà ògiri ń fa omi inú ilẹ̀ sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ẹ ó rí i tí ọ̀dà ń wú, tí nǹkan funfun bí iyọ̀ ń hù jáde, pàápàá lẹ́yìn àpótí aṣọ níbi tí ojú kì í dé. Ẹ mú ìdí òòlù, kí ẹ máa fi kan ògiri díẹ̀díẹ̀ láti igun kan dé ìkejì. Ibi tó bá dún bí agbè òfìfo, sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ti dá dúró, kò lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù mọ́. Ẹ gbẹ́ ẹ kúrò tó nǹkan bíi mítà kan sókè, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i kí ó gbẹ, kí ẹ tó fi sìmẹ́ńtì tí a po mọ́ oògùn tí kì í jẹ́ kí omi wọlé tún un rẹ́. Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje, kí ẹ sì fún un tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ọ̀dà tó kàn án. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi ọ̀dà olówó ńlá bo ọ̀rinrin mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè tètè tà. Ìwà yẹn kò dára, kì í sì í pẹ́ tú: òjò oṣù kẹfà kan ṣoṣo ti tó láti tú u. Ní ti ilé amọ̀ ẹ̀yìn yẹn, ẹ má náwó lé e lórí. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi inú amọ̀ ráyè jáde, ìdí nìyí tó fi ń bó lọ bó bọ̀.

Wáyà iná ni kí ẹ ṣe ṣáájú rírẹ́ ògiri, nítorí gbígbẹ́ ni wọn yóò gbẹ́ ògiri fún un. 1.5 mm ni fún gílóòbù, 2.5 mm fún ibi tí a ń ki nǹkan bọ̀, 4 mm fún ẹ̀rọ amúlétutù. Kí oníná má sì fò wáyà tó ń wọ ilẹ̀ dá.

Ṣùgbọ́n àjà tí ẹ ní ó ti ń já yẹn gan-an ló mú kí n jókòó kọ̀wé gígùn. Ọ̀pọ̀ àjà tí wọ́n kàn mọ́ ilé ní àwọn ọdún 1970, asibẹ́sítọ̀sì gidi ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe irú èyí tí a kàn ń fi orúkọ yẹn pè lọ́jà lónìí. Bí a bá fọ́ ọ ní gbígbẹ, àwọn fọ́nrán rẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí á fò sínú afẹ́fẹ́; ẹni tó bá fà wọ́n símú, inú ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń há sí. Àìsàn tí wọ́n ń fà, títí kan àrùn jẹjẹrẹ, lè gba ogún tàbí ogójì ọdún kí ó tó yọjú, ìdí sì nìyí tí àwọn oníṣẹ́ wa kò fi kà á sí. Ẹ̀yin ní ọmọ mẹ́ta nínú ilé. Kí wọ́n má ṣe sí nítòsí rárá ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́. Kí ẹ kó gbogbo ẹrù yàrá jáde, kí ẹ fi náílọ́ọ̀nù dí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ wọ́n omi ọlọ́ṣẹ sí àjà náà títí yóò fi rin gbingbin, kí ẹ wá yọ ìṣó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè sọ̀ kalẹ̀ lódidi. Òòlù kò gbọdọ̀ fọ́ ọ. Ìbòmú aṣọ lásán kò tó. Èyí tó ní àsẹ́ tó ń sẹ́ eruku wẹ́wẹ́ ni kí àwọn oníṣẹ́ lò. Kí ẹ fi náílọ́ọ̀nù tó nípọn dì í ní ìdì méjì. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ibẹ̀, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀. Ẹ má sun ún, ẹ má sì fi dí kòtò ojú ọ̀nà, bí mo ti rí i tí àwọn kan ń ṣe.

Ìyá Ìlíṣàn dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi àti ọkọ mi ra ilé àtijọ́ kan ní Ìlíṣàn ní ọdún 2016, a gbé inú rẹ̀ bí a ti ń tún un ṣe, a sì tà á ní ọdún 2019. Gbogbo ohun tí Bíríkìlà sọ ni mo fara mọ́, àmọ́ wọ́n sọ̀rọ̀ ilé ju ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Kafíńtà tí a bá ṣe àdéhùn sọ pé ọjọ́ méjì ni òun yóò fi parí òrùlé. Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta ló bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó ní òun ń lọ ra ìṣó, a kò rí i mọ́. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti gba iṣẹ́ mìíràn, owó wa sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò rọ̀ lóru Sátidé. Ibùsùn, àwọn ìwé ilé-ìwé àwọn ọmọ, ìrẹsì àti gàrí inú àpò, kò sí ohun tí omi kò wọ̀. Abẹ́ tábìlì oúnjẹ ni àwọn ìbejì mi sùn mọ́jú, èmi àti bàbá wọn sì ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi jáde ní pálọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ tí oníṣẹ́ bá ṣe tán ni a ń sanwó rẹ̀. Bí ẹ bá máa ṣí òrùlé, ìdajì ni kí ẹ ṣí, kí ẹ bo ìyẹn kí ẹ tó kan ìdajì kejì, kí tapólì tó lè bo ilé sì ti wà nílẹ̀ kí a tó yọ ìṣó àkọ́kọ́.

Ní ti gbígbé inú rẹ̀, ẹ yan yàrá méjì tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn títí àwọn yòókù yóò fi parí. Ibẹ̀ ni ẹ ó máa sùn, ibẹ̀ náà ni aṣọ àti ìwé yóò wà. Ẹ fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Eruku tí wọ́n ń gbẹ́ ní ògiri kò mọ ààlà: oúnjẹ tí mo sè ní ilé ìdáná ń dún jẹ́jẹ́ lẹ́nu wa bí ẹni jẹ iyanrìn, títí mo fi gbé gáàsì lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ní ilé ìwẹ̀ méjì, ẹ má tú méjèèjì ká lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, ilé amọ̀ tí Bíríkìlà ní kí ẹ má náwó lé lórí yẹn lè wúlò fún yín: ẹ sọ ọ́ di ilé ìwẹ̀ àti ibi ìkẹ́rù fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tó pinnu ohun tí ẹ ó fi ṣe. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti yàtọ̀ sí wọn nìyẹn.

Ohun mìíràn ni ọ̀dà àtijọ́. Ọ̀dà olóróró ayé ìgbà náà tó wà lára ilẹ̀kùn àti fèrèsé lè ní òjé nínú, òjé sì burú fún ọpọlọ ọmọdé. Ẹ má fi pépà gbígbẹ ha á. Ẹ rin ín kí ẹ tó ha á, kí ẹ sì kó ìhá rẹ̀ dànù kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án.

Bí owó bá ti wà lọ́wọ́, ẹ ra ohun èlò fúnra yín, ẹ má gbé owó rẹ̀ fún oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ra sìmẹ́ńtì jọ ju èyí tí ẹ ó lò láàárín oṣù kan tàbí méjì lọ, ẹ sì to ó sórí pákó, kí ó má kan ilẹ̀, nítorí ó ń dì nínú àpò. Mo mọ̀ pé ọkàn yín yóò sọ pé kí ẹ kó o jọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n, nígbà tí àpò tí a ń rà ní nǹkan bí ₦5,000 ní ọdún tó ṣáájú fò kọjá ₦10,000 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àbúrò mi tó ń kọ́lé nígbà náà dá iṣẹ́ dúró, kò sì padà sí i fún odindi ọdún kan. Nítorí ìyẹn ni mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ parí yàrá kan pátápátá kí ẹ tó fọ́ ìkejì, kí ó lè jẹ́ pé bí owó bá tán lọ́nà, ilé tó ṣeé gbé ni ẹ ó ṣì wà.

Nígbà tí a fẹ́ tà á, tọkọtaya kan wá láti Èkó. Ọkọ ń wo òkè. Ìyàwó kò wo pálọ̀ wa tí a náwó lé, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí ilé ìdáná, ó sì ṣí ẹ̀rọ omi. Ó dúró títí omi fi mọ́, ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ó wá béèrè bí kànga ṣe jìnnà sí sọ́kàwéè tó. Mo dúpẹ́ pé a ti wọ̀n ọ́n, ó ju ọgbọ̀n mítà lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n san àsansílẹ̀.

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀bú dáhùn:

Mo kí gbogbo yín. Ìmọ̀ràn àwọn tó ṣáájú mi dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra ìṣó kan ṣoṣo títí ẹ ó fi ka ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Bí bàbá yín ṣe kú láìkọ ìwé ìhágún, tó sì jẹ́ pé àṣà ìbílẹ̀ ló ń darí ogún wọn, ilé yẹn ti di ilé ẹbí. Gbogbo ọmọ ló ni ín pọ̀. Ẹ̀tọ́ yín láti máa gbé inú rẹ̀ dájú, ṣùgbọ́n owó tí ẹ bá ná lé e lórí kò sọ ọ́ di tiyín, kò sì fi kún ìpín yín fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ilé ẹjọ́ ti ń dá a bẹ́ẹ̀: ọmọ ẹbí tó kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí tàbí tó tún ilé ẹbí ṣe, ilé náà ṣì jẹ́ ti ẹbí. Mo ti rí ọkùnrin tó ná gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lé ilé bàbá rẹ̀ lórí, tó sì gba ìpín kan náà pẹ̀lú àbúrò tí kò fi kọ́bọ̀ sí i, nítorí kò sí ìwé kankan tó fi hàn pé ẹbí gbà pé àwọn yóò san án padà. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó sọ iye tí ilé náà tó báyìí kí a tó fọwọ́ kàn án, iye tó pọ̀ jù tí ẹ lè ná láìtún bi ẹbí, pé rìsíìtì ni a ó fi ṣírò rẹ̀, àti pé nínú owó tí a bá tà á, èyí tí ẹ ná ni a ó kọ́kọ́ yọ kí a tó pín ìyókù. Kí ó sọ ẹni tí èlé alájẹṣẹ́kù yóò já lé léjìká. Kí ó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ilé kò bá tà láàárín ọdún kan. Bí ẹ ó ṣe pín in náà ṣe pàtàkì, nítorí ìyá méjì ni yín: ṣé ìdí-igi ni, kí a pín in sí ojúlé ìyá, tàbí orí-ò-jorí, kí a pín in fún ọmọ kọ̀ọ̀kan? Nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, tí Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀ tó ga jù dá ní ọdún 1958, ohun tí wọ́n sọ ni pé ìdí-igi ni àṣà wa, ṣùgbọ́n pé olórí ẹbí lè pàṣẹ pé kí a pín in ní orí-ò-jorí bí ìjà bá wà. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ ni. Ní tiyín, ìyá méjì, ọmọ méjì-méjì, ọgbọọgba ló máa já sí lọ́nà méjèèjì, ẹ sì dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ní ti ẹni tí yóò tà á, ẹ̀yin ni àgbà ọkùnrin, ẹbí sì lè ti kà yín sí Dáwódù, ìyẹn olórí ẹbí. Olùtọ́jú ni Dáwódù, kì í ṣe oníǹkan. Bí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ pé àwọn pàtàkì inú ẹbí gbà, àwọn yẹn lè mú kí ilé ẹjọ́ fagi lé títà náà. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, òfo ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Oníbàárà tó gbọ́n mọ èyí. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹni tó wà ní Kánádà kò ní láti wálé: kí ó fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí ẹnì kan nínú yín, tí ó fọwọ́ sí níwájú nótárì níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ilé ẹjọ́ gíga, kí orúkọ tó ń ta ilé bá òfin mu. Ẹ wo inú àpótí bàbá bóyá ìwé ilẹ̀ wà níbẹ̀, tàbí bóyá ẹnì kan ti forúkọ ilé náà sílẹ̀ nínú ètò ìwé ilé tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe fún àwọn onílé ní ìgbà Gómìnà Amosun. Bí ìwé àṣẹ ìjọba bá wà, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, ní abala 22, sọ pé gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí títà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, Abẹ́òkúta sì ni a ti ń ṣe ìyẹn. Tí kò bá sí, ẹ pe sọ̀fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ kí ó wọn ilẹ̀ náà, nítorí ẹni tó fẹ́ san owó ńlá kò ní fi rìsíìtì ẹbí nìkan tẹ́ra lọ́rùn. Bí owó yín kò bá tó ṣe ìwé àti táìlì pọ̀, ìwé ni kí ẹ ṣe.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: níbo ni ẹ sin bàbá sí?

Ará Ìperu dáhùn:

Ìdáhùn tèmi kò gùn. Ìgbà tí ẹ ó fi han oníbàárà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba, tó ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Èkó àti òkè òkun máa ń wálé jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń wo ilé kiri láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ òrùlé ní oṣù kọkànlá, ilé á ti fara hàn dáadáa kí wọ́n tó dé. Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun tí àdúgbò kò lè gbé. Bí ọ̀nà tó dé ẹnu ilé yín bá ń ya kòtò lójoojúmọ́, POP olówó gọbọi kò ní gbé owó ilé yẹn ga ju ti aládùúgbò yín lọ. Ẹ fi owó POP yẹn ṣe gọ́tà iwájú ilé. Iye tí ẹ ó san fún ẹni tó ń wá oníbàárà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí, kí ó má di pé ẹni mẹ́ta ń béèrè fún un ní ọjọ́ tí owó bá jáde.

Ọmọ Mọlípà dáhùn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín tọkàntọkàn. N kò tètè dáhùn nítorí pé mo fẹ́ kí a ṣe ìpàdé ẹbí ná.

Agbẹjọ́rò, ìbéèrè yín ló mú kí n máà sùn lóru ọjọ́ yẹn. Iwájú ilé ni bàbá wà, lápá òsì, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn, kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ sí ojú títì. Àwọn ọmọ mi ń jókòó lórí táìlì ibojì náà ka ìwé ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti ń rò nípa fèrèsé àti ọ̀dà láti oṣù mélòó kan, n kò sì jẹ́ kí ọkàn mi dé ibẹ̀ rárá.

Ọjọ́ Sátidé ni a jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fún wákàtí méjì. Ọ̀rọ̀ ìbojì ni a kọ́kọ́ sọ, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì sunkún. A gbèrò pé bóyá kí a gbé bàbá lọ sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ ẹ, a sì gbọ́ pé kì í ṣe ohun tí ẹbí kàn ń jí ṣe láìgba àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé kí sọ̀fíyọ̀ gé ibojì náà àti igi àgbálùmọ̀ kúrò nínú ohun tí a ń tà, kí ó lójú tirẹ̀ sí títì, kí a sì mọ odi sí i láti ìhà ilé. Ilẹ̀ tí a ó tà yóò dín kù, owó rẹ̀ náà yóò dín kù. Àbúrò wa tó wà ní Kánádà ló kọ́kọ́ sọ pé kó dín kù.

Àbúrò wa ti Èkó sọ ọ̀rọ̀ kan tó kọ́kọ́ dùn mí. Ó ní mo ti ń gbé inú ilé náà láìsanwó láti ọdún 2011, pé kí wọ́n ṣírò ìyẹn kí wọ́n tó san owó àtúnṣe padà fún mi. Mo dákẹ́. Nígbà tí mo rò ó, mo rí i pé kò parọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo ń tún páànù lẹ̀, tí mo sì ń sanwó iná àti owó ilẹ̀. A parí rẹ̀ sí pé wọn yóò san owó tí mo bá ná padà pẹ̀lú rìsíìtì, ṣùgbọ́n èlé alájẹṣẹ́kù, èmi ni n ó dá a san. Ó tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn. Agbẹjọ́rò kan níbí ti ń kọ ìwé náà, ìwé àṣẹ ti Kánádà sì ń bọ̀.

Bíríkìlà, mo ṣe bí ẹ ti wí. Kafíńtà gun òkè àjà lọ́jọ́ Ajé, ó gún igi mọ́kànlá, ọ̀bẹ sì wọlé nínú mẹ́ta, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní apá ilé ìdáná. Ògiri yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn dún bí agbè láti igun dé igun. Mo gbé àpótí aṣọ wọn kúrò, mo sì rí nǹkan funfun náà níbi tí ẹ ní mo máa rí i. Wọ́n ti ń sùn ní pálọ̀ láti ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni òrùlé yóò bẹ̀rẹ̀, ní ìdajì-ìdajì. Ẹ̀gbọ́n mi yóò mú àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tí a ó yọ àjà. POP ti kúrò nínú ètò, gọ́tà ti wọlé. Ilé amọ̀ ẹ̀yìn ni a ó ti máa wẹ̀. Ìyá Ìlíṣàn, àná ni mo ra tapólì.